Ìkìlọ̀: ẹ́ńjìnnì aago yín ni wọ́n ń wá, kì í ṣe owó iṣẹ́

Ẹ̀yin ará, ẹ ṣọ́ra o. Àwọn kan wà ní Èkó báyìí tí wọ́n ń pe ara wọn ní alátùn-únṣe Rolex àti Omega, bẹ́ẹ̀ owó iṣẹ́ kọ́ ni wọ́n ń wá lọ́wọ́ yín. Ohun tó wà nínú aago gan-an ni wọ́n ń wá. Ẹ ó gbé ojúlówó lọ bá wọn, wọn ó dá aago padà fún yín, orúkọ kan náà lójú rẹ̀, ṣéènì kan náà, àmọ́ ẹ́ńjìnnì inú rẹ̀ ti yàtọ̀. Mi ò ní dárúkọ ẹni tó ṣe èyí tí mo fẹ́ sọ, torí ọ̀rọ̀ náà ṣì wà lọ́wọ́ agbẹjọ́rò. Bó ṣe ń ṣe é ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀, nítorí òun nìkan kọ́ ló ń ṣe é.

Rolex Datejust kan ni, mọ́dẹ́ẹ̀lì 1601. Bàbá ọ̀rẹ́ mi ló rà á nígbà tí owó epo ń ṣàn nílẹ̀ wa, láàárín ọdún 1970 sí 1979. Bàbá ti jáde láyé, aago wá kan ọmọ. Aago náà ò bàjẹ́. Ó kàn bẹ̀rẹ̀ sí í sáré ni, ó ń fi ìṣẹ́jú mélòó kan ṣíwájú lójúmọ́. Ẹni tó bá mọ aago, ohun tó máa kọ́kọ́ bèèrè ni ibi tí wọ́n ń gbé e sí lálẹ́. Orí sípíkà ni. Òòfà inú sípíkà ló wọ spring tó wà nínú aago, èyí tó tẹ́ẹ́rẹ́ ju irun orí lọ. Tí òòfà bá ti wọ̀ ọ́, ìká rẹ̀ á máa lẹ̀ mọ́ra, aago á sì máa sáré bí ẹni tí wọ́n ń lé. Ẹ̀rọ kékeré kan wà tí wọ́n fi ń yọ òòfà kúrò, kò wọ́n, iṣẹ́ ìṣẹ́jú kan ni, wọn kì í sì í ṣí aago kí wọ́n tó ṣe é. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ mọ̀, ẹ gbé aago sún mọ́ kọ́ńpáàsì. Bí abẹ́rẹ́ rẹ̀ bá ń yí tẹ̀lé aago, ẹ fura sí òòfà.

Ọ̀rẹ́ mi ò mọ èyí. Fídíò ló lọ wò, ó sì ra páálí irinṣẹ́ kan tí wọ́n ń tà káàkiri íntánẹ́ẹ̀tì fún ẹni tó bá fẹ́ tún aago rẹ̀ ṣe nílé. Àwọn tó ń ta páálí yìí náà, ẹ kíyè sára fún wọn. Irin síkúrù-díráfà inú rẹ̀ rọ̀, ẹnu rẹ̀ nípọn ju ojú síkúrù aago lọ, á yọ̀, á sì ha ohun tó bá wà nítòsí. Ẹ̀yìn Rolex ní eyín wẹẹrẹ yí ká, kọ́kọ́rọ́ tó bá eyín yẹn mu rẹ́gí ni wọ́n fi ń tú u. Kọ́kọ́rọ́ yẹn ò sí nínú páálí. Irin ẹlẹ́nu mẹ́ta ló wà níbẹ̀, ìyẹn sì yọ̀, ó fa ìlà gbọọrọ sí ẹ̀yìn aago. Nígbà tó ṣí i tán, kò rí ohun tó bàjẹ́ (kò lè rí i, òòfà kì í ṣe ohun àfojúrí), ló bá kán òróró ẹ̀rọ ìránṣọ sí i.

Òróró ẹ̀rọ ìránṣọ! Irú aago bẹ́ẹ̀, ó ju oríṣi òróró kan lọ tí wọ́n ń lò fún un, èyí tó ki àti èyí tó ṣàn. Ẹnu abẹ́rẹ́ ni wọ́n fi ń fi í sí i, ìwọ̀n tí ojú lásán ò fẹ́rẹ̀ẹ́ rí. Ibòmíì wà nínú rẹ̀ tí òróró ò gbọ́dọ̀ dé rárá. Tí èèyàn bá kàn kán an sí i bẹ́ẹ̀, á ṣàn lọ bá spring tẹ́ẹ́rẹ́ yẹn, á lẹ̀ ẹ́ pọ̀ ju bí òòfà ṣe lẹ̀ ẹ́ lọ. Aago tó ń sáré tẹ́lẹ̀ wá dúró pátápátá.

Ìlà yẹn àti òróró yẹn ni gbájúẹ̀ náà jókòó lé. Nígbà tí aago dé ọwọ́ rẹ̀, ó ṣí i, ó wo inú rẹ̀, ó mirí. "Ọ̀gá mi, ta ló ṣí aago yìí? Ẹ ti pa á kẹ́ ẹ tó gbé e wá o." Láti ìgbà yẹn, ohunkóhun tó bá ti sọ, ọ̀rẹ́ mi gbà, nítorí ojú ń tì í. Ó kọ́kọ́ dábàá pé kí ọ̀rẹ́ mi kúkú ta aago náà fún òun bí èyí tó ti kú, òun á wá nǹkan díẹ̀ fún un. Ẹ fi ọkàn sí ibẹ̀ yẹn dáadáa: tí oníṣẹ́ bá ní aago yín ò wúlò mọ́, tó tún ń du àtirà á, kí ló fẹ́ fi ohun tí kò wúlò ṣe? Ọ̀rẹ́ mi ní òun ò tà. Gbájúẹ̀ náà wá ní kó fi í sílẹ̀ di ọ̀la. Ọ̀la di ọ̀sẹ̀. Pàátì ń bọ̀ láti Switzerland, ẹ san ìdajì owó. Pàátì ti dé kọ́sítọ́ọ̀mù, ẹ fi díẹ̀ kún un.

Nígbà tí aago padà dé, ó ń dán yinrin. Wọ́n ti fi ẹ̀rọ dán gbogbo ara rẹ̀ débi pé igun ẹsẹ̀ aago níbi tí ṣéènì ti wọlé, tó mú tẹ́lẹ̀, ti di róbótó. Dídán yẹn ni wọ́n fi ń bo ojú oníbàárà, bẹ́ẹ̀ ó ń dín iye tí aago àtijọ́ máa mú wá kù ni. Ọ̀rẹ́ mi pè mí, inú rẹ̀ ń dùn. Ó ní ọwọ́ ìṣẹ́jú-àáyá ń yọ́ lọ jẹ́jẹ́ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, àti pé òun ti lè yí déètì nìkan báyìí láìyí ọwọ́ aago.

Ọ̀rọ̀ déètì yẹn ló já mi láyà. Mọ́dẹ́ẹ̀lì 1601 ò ní irú rẹ̀. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ yí déètì rẹ̀, ẹ ó máa yí ọwọ́ aago gba agogo méjìlá òru kọjá ni. Ọdún 1977 ni Rolex ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé ẹ́ńjìnnì 3035 jáde, èyí tí èèyàn lè yí déètì rẹ̀ lọ́tọ̀. Ẹ́ńjìnnì 1575 tó yẹ kó wà nínú aago bàbá (1570 ni wọ́n sábà máa ń kọ sára rẹ̀), ìgbà 19,800 ló ń lù ní wákàtí kan. Ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnnì òde òní ń lù ní ìgbà 28,800, ìdí nìyẹn tí ọwọ́ rẹ̀ fi ń yọ́. Ohun tí ọ̀rẹ́ mi ń yọ̀ sí yẹn gan-an ni ẹ̀rí olè.

Ọ̀rẹ́ mi ń lọ sí London lákòókò yẹn, mo ní kó gbé e dání. Oníṣẹ́ aago kan níbẹ̀ ṣí i níṣojú rẹ̀. Wíìlì kéékèèké pupa méjì tó máa ń wà nínú 1575 ò sí níbẹ̀. Orúkọ Rolex ò sí lára ohunkóhun nínú ẹ́ńjìnnì yẹn. Òrùka ike ni wọ́n fi dí àlàfo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, torí pé ẹ́ńjìnnì náà kéré sí ibi tí wọ́n tì í bọ̀. Ojú aago ṣì jẹ́ ti bàbá, àmọ́ wọ́n ti gé ẹsẹ̀ wẹẹrẹ méjì tó wà lábẹ́ rẹ̀ dànù, gọ́ọ̀mù ni wọ́n fi lẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀.

Nígbà tí ọ̀rẹ́ mi padà lọ bá ẹni yìí, èsì ti wà nílẹ̀: "Ẹ̀yin lẹ ṣí i nílé yín. Bẹ́ ẹ ṣe gbé e wá nìyẹn." Fọ́tò inú aago ò sí. Rìsíìtì ò sọ ju "Rolex kan, àtúnṣe" lọ. Kí lèèyàn fẹ́ wí fún ọlọ́pàá?

Ẹ má ṣí aago olówó ńlá nílé, ẹ jọ̀ọ́. Ẹ lè pààrọ̀ bẹ́líìtì rẹ̀ fúnra yín, ẹ lè yọ òòfà lára rẹ̀, ẹ lè fi búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ fọ ṣéènì. Bátìrì aago olówó pọ́ọ́kú, ẹ pààrọ̀ rẹ̀, kò sẹ́ni tó máa bá yín wí. Ẹni tó bá sì wù ú láti kọ́ iṣẹ́ yìí, kó wá Seiko 5 àlòkù kan, kó máa tú u kó máa tò ó. Ti bàbá kọ́ la fi ń kọ́ṣẹ́. Ohun kan tún nìyí: ọ̀pọ̀ aago tó ń tàn lókùnkùn tí wọ́n ṣe ṣáájú ọdún 1960, rédíọ́ọ̀mù, ohun tó ń tú ìtànṣán olóró jáde, ni wọ́n fi kun ojú rẹ̀. Ẹ má ha á, ẹ má fẹ́ ẹ̀gbin inú rẹ̀ lẹ́nu, eruku rẹ̀ léwu fún ara.

Tẹ́ ẹ bá ń gbé e lọ fún oníṣẹ́, kó ṣí i níṣojú yín, kẹ́ ẹ fi fóònù ya inú rẹ̀ kí gbogbo nọ́ńbà ẹ́ńjìnnì hàn, kẹ́ ẹ tó kúrò níbẹ̀. Lára Rolex àtijọ́, tẹ́ ẹ bá yọ ṣéènì, nọ́ńbà mọ́dẹ́ẹ̀lì wà láàárín ẹsẹ̀ aago níhà agogo 12, nọ́ńbà aago fúnra rẹ̀ wà níhà agogo 6. Kó kọ gbogbo rẹ̀ sí rìsíìtì, kó sì kọ ọ́ pé òun á dá pàátì tí òun bá yọ padà. Ẹ sọ fún un kó má dán an, kó má sì pààrọ̀ ojú rẹ̀. Bàbá tó ń tún tèmi ṣe, àwọn ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ bèèrè pé, "Fóònù rẹ dà? Wá yà á." Wọ́n á wá gbé aago sórí ẹ̀rọ tó ń gbọ́ bó ṣe ń lù, a ó jọ wo ohun tó kọ, tí iṣẹ́ bá sì parí, a ó tún jọ wò ó. Ẹni tó bá ń bínú nítorí pé ẹ fẹ́ ya fọ́tò, ẹ gba aago yín lọ́wọ́ rẹ̀.

Ẹni tí mò ń sọ yìí ti kó kúrò ní ṣọ́ọ̀bù tó wà tẹ́lẹ̀. Orí Instagram ló wà báyìí pẹ̀lú orúkọ míì, ó ń ta ẹ́ńjìnnì Rolex àtijọ́ lásán, láìsí ara aago. Tó bá jẹ́ pé irú èyí ti ṣẹlẹ̀ sí yín, ẹ tọ́jú rìsíìtì àti gbogbo ọ̀rọ̀ tẹ́ ẹ bá ara yín sọ lórí WhatsApp, ẹ má pa wọ́n rẹ́, kẹ́ ẹ sì fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí mi ní ìkọ̀kọ̀. Agbẹjọ́rò ní bí àwọn tó fẹjọ́ sùn bá ju ẹnì kan lọ, gbájúẹ̀ náà ò ní lè sọ fún gbogbo wa pé àwa la ba aago jẹ́ nílé.