Awò tí mo fi ń wọn iyọ̀ inú omi ẹja mi

18,000 sẹ́fà ni mo ra awò ìwọn-iyọ̀ yìí ní Kútọnu, mo gbé e wá sí Àjàṣẹ́ bí ẹni gbé ẹyin. Àpótí gíláàsì ẹja mi kò tóbi, 60 lítà péré, ìdì iyùn ààyè mẹ́rin ló wà níbẹ̀, ẹran inú òkun ni wọ́n, kì í ṣe ìlẹ̀kẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn ti ká ara rẹ̀ jọ fún ọ̀sẹ̀ méjì. Ìyàwó mi ní ó ti kú, kí n dà á nù.

Ẹ ó kán omi sójú awò, ẹ ó dé e, ẹ ó gbé e kọjú sí ìmọ́lẹ̀. Ibi tí búlúù ti pàdé funfun ni iye iyọ̀ wà. Ó ní 35, ìyẹn gíráàmù iyọ̀ 35 nínú kílò omi kan, bó ṣe yẹ gẹ́lẹ́. Irọ́ ni! Omi tí kò níyọ̀ rárá ni ẹni tó tà á ní kí n fi ṣètò awò náà sí òdo kí n tó lò ó, kò sì tó. Nígbà tí mo wá ra omi ìdánwò tí iyọ̀ rẹ̀ jẹ́ 35 gan-an, awò pè é ní 31. Omi iyùn mi ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 39 nìyẹn!

Ọyẹ́ ló fà á, àti ọwọ́ mi. Omi ń gbẹ, iyọ̀ kì í gbẹ, omi oníyọ̀ ni mo sì ń bù kún un. Mo ń gbọ́n lítà kan kúrò lójoojúmọ́, mo ń fi omi sísẹ́ lásán rọ́pò rẹ̀, fún ọjọ́ méje. Lọ́jọ́ kẹfà, iyùn tí wọ́n ní ó kú na ọwọ́.

Awò náà dára o, ìdérí rẹ̀ nìkan ló ń mì. Ẹ rà á, ṣùgbọ́n ẹ ra omi ìdánwò mọ́ ọn, 3,000 sẹ́fà.