Gradius tàbí R-Type: Èwo Ló Yẹ Kí Ẹ Rà?

Ẹni tó bá fẹ́ ra géèmù ọkọ̀ òfurufú, irú èyí tí ọkọ̀ ń ti òsì lọ sí ọ̀tún tí ọ̀tá sì ń ya bò ó láti iwájú, àwòrán ló sábà máa ń kọ́kọ́ wò. Ohun tó yẹ kó kọ́kọ́ béèrè ni pé: bí mo bá kú, kí ni eré yìí máa gbà lọ́wọ́ mi, ibo ló sì máa dá mi padà sí? Ikú pọ̀ níbẹ̀. Ọta kan ṣoṣo bà yín, ó tán. Imú ọkọ̀ kan ògiri, ó tán. Bí eré ṣe ń ṣe sí yín lẹ́yìn ikú ló máa sọ bóyá ẹ ó tún gbé páàdì lọ́la tàbí ẹ ó pa á tì.

Orúkọ méjì ló gbajúmọ̀ jù nínú ìran yìí: Gradius tí Konami gbé jáde ní 1985, àti R-Type tí Irem gbé jáde ní 1987. Ilé iṣẹ́ Japan ni méjèèjì, inú ẹ̀rọ tí wọ́n ń ju owó onírin sí ni eré wọn sì ti bẹ̀rẹ̀. Ibẹ̀ gan-an ni líle wọn ti wá, torí ẹ̀rọ tó bá jẹ́ kí ènìyàn fi owó kan ṣoṣo ṣeré di alẹ́ kò lè pa owó wọlé fún ẹni tó ni ín. Lónìí, Gradius Origins (2025) ni ẹ máa rà bí ẹ bá fẹ́ Gradius. Ní ti R-Type, ọjà méjì ni mo máa mẹ́nu bà: R-Type Dimensions EX (2018), tó kó eré kìíní àti èkejì pọ̀, àti R-Type Final 2 (2021).

Ohun ìjà

Nínú Gradius, Vic Viper, ọkọ̀ yín, máa ń bẹ̀rẹ̀ bí ẹni tí oorun kò tíì dá lójú rẹ̀: ó ń wọ́, ìbọn kan péré ló sì ní. Àwọn ọ̀tá kan wà tí wọ́n máa ń ju kóró pupa sílẹ̀ bí ẹ bá pa wọ́n. Kóró kọ̀ọ̀kan tí ẹ bá gbé ń sún iná kan síwájú lórí ìlà tó wà nísàlẹ̀ ojú ẹ̀rọ: ìyára, mísáìlì, ìbọn olójú méjì, laser, Option, ààbò. Ibi tí iná bá dé tí ẹ fi tẹ bọ́tìnì, òun ni ẹ ó gbà. Ṣé kí ẹ gba ìyára báyìí, àbí kí ẹ ní sùúrù de Option, bọ́ọ̀lù iná tó ń tẹ̀lé yín tó sì ń yin ohun tí ẹ bá ń yìn? Ìpinnu yẹn, nígbà tí ọta ń fò kọjá létí yín, ni adùn Gradius. Ọjọ́ tí Option mẹ́rin bá pé lẹ́yìn yín, tí laser ń la ojú ẹ̀rọ já láti ìpẹ̀kun dé ìpẹ̀kun, inú yín á dùn débi pé ẹ ó fẹ́ pe ẹlòmíràn wá wò ó.

R-Type kì í gbé ìlà kankan síwájú yín. Force ló fún yín, ó sì tó: bọ́ọ̀lù kan tí ọta kankan kò lè fọ́. Ẹ lè so ó mọ́ imú ọkọ̀, ẹ lè so ó mọ́ ìdí, ẹ sì lè jù ú síwájú kó máa jà níbẹ̀. Ó ń pa ọ̀tá tó bá fara kàn án, ó sì ń gba ọta sára fún yín. Ìbọn ńlá tún wà: ẹ tẹ bọ́tìnì mọ́lẹ̀, agbára á máa kún, ẹ tú u sílẹ̀. Àmọ́ bí agbára ṣe ń kún yẹn, ẹ kò lè yin ìbọn kéékèèké. Ẹ wo ìpele kẹta, tí ọkọ̀ ogun kan ṣoṣo gba gbogbo rẹ̀. Ẹ ó máa rá pálá yí i ká, ẹ ó máa já ìbọn ara rẹ̀ kúrò lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹ ó sì máa ronú ní gbogbo ìgbà bóyá iwájú ni Force yẹ kó wà tàbí ẹ̀yìn. Ní tèmi, kò sí ohun ìjà tí wọ́n ronú sí tó bẹ́ẹ̀ nínú irú eré yìí.

Ikú

Ibí ni Gradius ti ń dunni jù. Ẹ ti kó gbogbo ohun ìjà jọ, òkè oníná ń pọ òkúta sókè ní ìparí ìpele kìíní, òkúta kan bà yín. Ohun gbogbo lọ. Eré dá yín padà sẹ́yìn, ẹ tún di ọkọ̀ tó ń wọ́, kóró pupa tí ẹ máa rí kò sì ní tó yín í tún ara ṣe kí ọ̀tá tó dé. Níbi tó bá ti jìnnà, ikú kan yìí lè parí eré yín bí ẹ̀mí mẹ́ta tilẹ̀ ṣì kù. Gradius III (1989) ló burú jù: ní ìpele kan tó sún mọ́ òpin, àwọn dígí onígun mẹ́rin máa ń fò wọlé, wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ara wọn, kò sì sí bí ẹ ṣe lè há ọ̀nà wọn sórí.

R-Type náà máa ń dá yín padà, ó sì ń gba ohun ìjà. Ìyàtọ̀ ni pé ọ̀tá rẹ̀ kì í yí ìwà padà: ibi tó ti yọ lánàá ló ti máa yọ lónìí. Ikú kọ̀ọ̀kan ń kọ́ yín ní nǹkan. Àléébù rẹ̀ ni pé bí ẹ kò bá mọ ibi tó yẹ kí ẹ dúró sí, ìka tó yára kò lè gbà yín. Ẹni tí kò fẹ́ràn kí ó máa há nǹkan sórí, R-Type máa sú u kíákíá.

Ohun tí wọ́n fi kún ọjà tuntun

Gradius Origins jẹ́ kí ẹ lè dá eré padà sẹ́yìn ní ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, kí ẹ tọ́jú ibi tí ẹ dé, kí ẹ sì dá ìpele kan ṣe ìdánrawò. Ó tún kó àwọn Salamander, eré Konami mìíràn tó bá Gradius tan, mọ́ ọn, títí kan Salamander III tó jẹ́ tuntun pátápátá. Nínú Salamander, ojú ibi tí ẹ kú sí ni ẹ ó ti jí, Option yín á sì máa léfòó nítòsí kí ẹ lè tún un gbé. Ibẹ̀ ni kí ẹni tí kò ṣe irú eré yìí rí ti bẹ̀rẹ̀.

Nínú Dimensions EX, bọ́tìnì kan ló ń yí àwòrán àtijọ́ sí tuntun láàárín eré, ènìyàn méjì sì lè jọ ṣe é. Ó ní ipò Infinite tí ẹ kì í ti í pàdánù ẹ̀mí: ẹ kú, ẹ jí, ó kàn ń ka iye ikú yín. N kò gbà yín nímọ̀ràn rẹ̀ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Ẹ ó fi ara rọ́ ọ kọjá, ẹ ó sì dé òpin láìmọ ohunkóhun nípa eré náà. Dídá eré padà sẹ́yìn bíi ti Gradius Origins sàn jù, torí ó ń fi àṣìṣe yín hàn yín.

Final 2 dára fún ẹni tó fẹ́ràn kí ó máa kó nǹkan jọ. Ọkọ̀ tó wà níbẹ̀ ń lọ sí ọgọ́rùn-ún, ohun èlò tí ẹ bá sì rí nínú eré lẹ ó fi kọ́ wọn. Ó ní ipò tó rọrùn fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ̀. Àmọ́ ìpele rẹ̀ gùn, ó sì ń falẹ̀, kí ẹ sì kú síbẹ̀ máa ń dunni ju ti eré àtijọ́ lọ. Bí PS5 lẹ ní, R-Type Final 3 Evolved (2023) ni kí ẹ wò, torí ó kó ti Final 2 sínú.

Bí ọ̀kan ṣoṣo lẹ máa rà, Gradius Origins ni kí ẹ mú: eré pọ̀ nínú rẹ̀, ìrànwọ́ rẹ̀ sì dára jù. Bí ẹ bá sì jẹ́ irú ẹni tó máa ń fẹ́ mọ nǹkan kan délẹ̀délẹ̀, Dimensions EX ni tiyín, ipò Classic rẹ̀, níbi tí ẹ̀mí ti lè tán, sì ni kí ẹ ṣe. Kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ yí tẹlifíṣọ̀n yín sí ipò géèmù. Bí àwòrán bá ń pẹ́ kó tó tẹ̀ lé ọwọ́ yín, kò sí èyí tí ẹ máa gbádùn nínú wọn.