Ọkọ̀ eré: ṣé kí ẹsẹ̀ mẹ́rin máa fà á ni àbí ẹ̀yìn nìkan? GR Yaris àti GR86 lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn

Tẹ́ ẹ bá ti ń kówó jọ láti ra ọkọ̀ tẹ́ ẹ fẹ́ máa gbé lọ sórí pápá eré mọ́tò, ìbéèrè tó máa kọ́kọ́ dé ni pé ṣé fọ́ọ̀ wíìlì ni kẹ́ ẹ rà àbí èyí tí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn nìkan ń tì. Toyota méjì ni mo fẹ́ fi ṣàlàyé, GR Yaris àti GR86, torí ilé kan náà ni wọ́n ti wá, ìwọ̀n wọn sì fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba, nǹkan bíi 1,270 sí 1,280 kílò. GR Yaris ní ẹ́ńjìnnì lítà 1.6, sìlíńdà mẹ́ta pẹ̀lú tọ́bò (ohun tó ń fẹ́ atẹ́gùn púpọ̀ sínú ẹ́ńjìnnì kó lè lágbára sí i), àwọn tó kọ́kọ́ dé Yúróòpù ní agbára ẹṣin 261, ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló sì ń gba agbára yẹn. GR86 jẹ́ lítà 2.4, kò ní tọ́bò, agbára ẹṣin 234, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn nìkan ló ń gbà á. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní Amẹ́ríkà, wọn ò ta GR Yaris lọ́dọ̀ yín, GR Corolla ni tiyín, irú ẹ́ńjìnnì yẹn náà ló wà nínú ẹ̀, ẹ lè fi ọ̀rọ̀ mi wò ó.

Ohun kan wà tí mo fẹ́ ká kọ́kọ́ yanjú. Fọ́ọ̀ wíìlì tí ọ̀pọ̀ wa mọ̀ nílé ni jíìpù tó ń jáde nínú ẹrẹ̀ nígbà tí mọ́tò tó kù bá rì síbẹ̀, ìyẹn la ṣe ń rò pé kì í yọ̀. Ó ń yọ̀ o. Ọkọ̀ yòówù kó jẹ́, ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni búrẹ́kì ń mú, torí náà fọ́ọ̀ wíìlì ò ní dúró yá ju èkejì lọ, tẹ́ ẹ bá sì bá eré àsápajúdé wọ kọ́nà, kò sí èyí tó máa gbà yín nínú méjèèjì. Ibi tí fọ́ọ̀ wíìlì ti ń jẹun ni ìgbà tẹ́ ẹ bá ń jáde ní kọ́nà tẹ́ ẹ sì tẹná.

Taya ló ni gbogbo ọ̀rọ̀ yìí. Taya dà bí alábàárù, ó ní iye ẹrù tó lè rù lẹ́ẹ̀kan, tẹ́ ẹ bá ní kó yí ọkọ̀, tẹ́ ẹ tún ní kó fa ọkọ̀, ọ̀kan máa já bọ́. Nínú GR86, taya iwájú ń yí, taya ẹ̀yìn ń tì, iṣẹ́ ti pín, ìdí nìyẹn tí sítíárìn ẹ̀ fi mọ́ lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ bá fi ìwàǹwara tẹná kí ọkọ̀ tó nà tán, ìdí ọkọ̀ á jù síta, ẹ gbọ́dọ̀ yára yí sítíárìn síbi tí ìdí yẹn ń lọ. Nínú GR Yaris, taya iwájú ló ń ru méjèèjì, ẹ tẹná láàárín kọ́nà báyìí, imú ọkọ̀ á kọ̀, á máa fà yín lọ sétí títì lápá ìta, bẹ́ ẹ bá sì ṣe ń yí sítíárìn sí i náà lá máa kọ̀ sí i. Ohun tẹ́ ẹ máa ṣe ni pé kẹ́ ẹ tu iná díẹ̀, kí imú padà rí ilẹ̀ dì mú.

Mo rántí ọjọ́ kan ní Brands Hatch, ní Kent, òjò ti ń rọ̀ látàárọ̀. Druids ni wọ́n ń pe kọ́nà kan níbẹ̀, ẹ máa gun òkè dé ibẹ̀, ẹ máa yí sápá ọ̀tún bí ẹni tó fẹ́ padà síbi tó ti ń bọ̀, ẹ ó wá sọ̀ kalẹ̀. Èmi wà nínú GR86, ọ̀rẹ́ mi wà níwájú nínú Yaris. Gbogbo ìgbà tá a bá ń tẹ búrẹ́kì lórí òkè yẹn ni mò ń lé e bá, mo máa sún mọ́ ọn débi pé mo lè ka nọ́ńbà ọkọ̀ ẹ̀ dáadáa, àmọ́ tá a bá ti yí tán, á kàn tẹná, omi á fọ́n lábẹ́ taya mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ó ti lọ nìyẹn, èmi ṣì wà níbẹ̀ tí mò ń fi àtàǹpàkò ẹsẹ̀ rọra bẹ iná, tí mò ń mọ̀ ọ́n lára tí ìdí ọkọ̀ ń rá lọ rá bọ̀. Nígbà tọ́sàn-án pọ́n tí ilẹ̀ gbẹ, ọ̀rọ̀ yí padà. Lójú ọ̀nà tó tọ́, tọ́bò ẹ̀ ṣì ń gbé e sá fún mi, àmọ́ láàárín kọ́nà èmi ni mò ń dúró dè é, torí pé imú Yaris ń fà síta, nígbà tá a sì bẹ̀rẹ̀ wo taya iwájú ẹ̀ lápá òsì, etí ẹ̀ ti jẹ bí ẹni fi fáìlì họ ọ́.

Ìtàn eré mọ́tò náà ò yàtọ̀ sí èyí. Lọ́dún 1983, nínú ìdíje rálì àgbáyé, Audi gbé Quattro ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin wá, Lancia gbé 037 tí ẹ̀yìn nìkan ń tì. Hannu Mikkola fi Audi gba Sweden nínú yìnyín, Markku Alén fi Lancia gba Corsica lórí ọ̀dà, nígbà tí wọ́n sì ka pọ́ìntì àwọn ilé iṣẹ́, Lancia ní 118, Audi ní 116. Mikkola ló gba ti awakọ̀ ṣá. Látìgbà yẹn, kò tún sí ọkọ̀ ẹlẹ́sẹ̀ ẹ̀yìn kankan tó gba ife-ẹ̀yẹ náà mọ́, torí rálì kì í ṣe orí ọ̀dà nìkan. Ní orí pápá ńkọ́? Nissan Skyline GT-R R32 fi kọ̀ǹpútà yanjú ọ̀rọ̀ imú tó ń kọ̀ yẹn: ẹ̀yìn ló máa ń tì í, ìgbà tí ẹ̀yìn bá fẹ́ yọ̀ ló tó ń fún iwájú lágbára, wọ́n sáré Group A, ìyẹn ìdíje àwọn ọkọ̀ tí wọ́n ń tà fún ará ìlú, ìgbà 29 ní Japan láàárín 1990 sí 1993, ìgbà 29 náà ló gbà á. Ní Britain, Frank Biela fi Audi A4 quattro gba BTCC, ìdíje ọkọ̀ ilé lórí pápá, lọ́dún 1996, wọ́n di ẹrù lé e kó lè wúwo sí i, nígbà tó di 1998 wọ́n kúkú fòfin de fọ́ọ̀ wíìlì. Àmọ́ Formula 1 dán an wò lọ́dún 1969, Lotus, Matra, McLaren, gbogbo wọn ló pa á tì, ó wúwo jù, imú ẹ̀ sì ń kọ̀.

GR Yaris náà ní bọ́tìnnì tẹ́ ẹ lè fi pín agbára: nínú àwọn tó kọ́kọ́ jáde, ibi Normal, 60 lọ síwájú, 40 sẹ́yìn, Sport, 30 síwájú, 70 sẹ́yìn, Track, ìdajì-ìdajì. Tẹ́ ẹ bá rí èyí tó ní Circuit Pack, òun ni kẹ́ ẹ mú, torí ó ní Torsen, ìyẹn irin tó ń pín agbára fún ẹsẹ̀ ọ̀tún àti òsì, níwájú àti lẹ́yìn, èyí tí kò ní in máa ń fi ẹsẹ̀ inú kọ́nà yí lásán.

Èwo ni kẹ́ ẹ wá rà? Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ eré, tó jẹ́ pé orí ọ̀dà gbígbẹ ló fẹ́ máa lọ, mo fi gbogbo ẹnu sọ ọ́, GR86 ni, torí àṣìṣe yín ló máa sọ fún yín lójú ẹsẹ̀, kò sí tọ́bò tó máa bo kọ́nà tẹ́ ẹ gbà lọ́nà òdì. Òun náà ni wọ́n ń fi sá GR Cup ní Amẹ́ríkà, ìdíje tó jẹ́ pé GR86 nìkan ni gbogbo wọn ń gbé. Ẹni tó jẹ́ pé ojú ọ̀nà olókùúta wẹ́wẹ́ tàbí ibi tí òjò kì í ti í dá ló ti fẹ́ sáré, kó má wulẹ̀ wo ẹ̀yìn, GR Yaris ni.

Ní Yúróòpù, wọn ò ta GR86 tuntun mọ́, àlòkù lẹ máa rí, ẹ wo ìsàlẹ̀ ẹ̀ dáadáa. Fún Yaris, ẹ bẹ̀rẹ̀, ẹ fi ọwọ́ kan taya mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Tí méjì bá jẹ́ tuntun tí méjì sì ti jẹ tán, ẹ béèrè ìgbà tí wọ́n ti ń lò ó bẹ́ẹ̀, torí taya tí ò dọ́gba máa ń mú kí ohun tó so iwájú mọ́ ẹ̀yìn gbóná kó sì bàjẹ́, owó àtúnṣe ẹ̀ ò kéré. Ẹ pe àwọn oníṣọ́ránsì yín náà kẹ́ ẹ tó lọ, torí ní Britain, ìṣọ́ránsì tẹ́ ẹ fi ń rìn lójú títì kì í sábà bo ọjọ́ tẹ́ ẹ bá gbé ọkọ̀ wọ pápá.