Ilé-iṣẹ́ tàbí ẹgbẹ́ aláàánú: èwo ni kí líìgì àwọn àgbà jẹ́?

Bí líìgì bọ́ọ̀lù àwọn àgbà tí ń fi owó ìdíje ṣàánú bá ti dàgbà kúrò ní pápá Campos ní Erékùṣù Èkó, tí ó dé Rowe Park ní Yábàá, ó yẹ kí ó ní ìwé ìforúkọsílẹ̀ lábẹ́ òfin. Lábẹ́ CAMA ti ọdún 2020, ìyẹn òfin tó ń darí ìforúkọsílẹ̀ ilé-iṣẹ́ àti ẹgbẹ́ ní Nàìjíríà, ẹnì kan ṣoṣo lè dá ilé-iṣẹ́ sílẹ̀. Ẹgbẹ́ aláàánú ní tirẹ̀ gbọ́dọ̀ kéde ara rẹ̀ nínú ìwé ìròyìn, kí ẹni tí kò bá fẹ́ ẹ lè ta kò ó láàárín ọjọ́ 28.

Ilé-iṣẹ́ lè gba owó olùdókòwò láti fi ra iná pápá, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí èrè bá kéré, owó àánú ni wọ́n sábà máa ń kọ́kọ́ gé, èyí sì máa ń dùn mí púpọ̀. Ẹgbẹ́ aláàánú kò lè pín èrè fún àwọn ọmọ ẹgbẹ́. Nítorí náà, ẹni tí ó ń so okùn bàtà rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá lè fọkàn tán an pé owó òun yóò dé ọ̀dọ̀ ọmọ tí wọ́n ń sanwó ilé-ìwé fún.

Bí ẹ bá fẹ́ tètè ṣí pápá mìíràn ní Ìkẹjà, ilé-iṣẹ́ ló yá. Bí ó bá jẹ́ ọrẹ àwọn ẹlẹ́yinjú àánú lẹ gbójú lé, ẹgbẹ́ aláàánú ló bá yín mu.