Google Docs Lọ́wọ́ Òǹkọ̀wé Ìtàn Aláwòrán: Àgbéyẹ̀wò Ẹni Tó Ń Lò Ó

Ìbàdàn ni mo ń gbé. Ayàwòrán tí a jọ ń ṣiṣẹ́ wà ní Port Harcourt, ẹni tó ń to ọ̀rọ̀ sínú àwòrán fún wa sì wà ní Èkó. A kò sí lábẹ́ ilé-iṣẹ́ ìtẹ̀wé kankan; owó ara wa ni a fi ń gbé ìtàn aláwòrán wa jáde, inú Google Docs, ohun èlò ìkọ̀wé Google tí ènìyàn púpọ̀ lè jọ lò lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ni a sì ti ń kọ gbogbo rẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó fa ìlà kan. Àgbéyẹ̀wò tí ènìyàn sábà máa ń rí nípa Google Docs dá lórí lẹ́tà àti iṣẹ́ ilé-ẹ̀kọ́. Èmi fẹ́ sọ bí ó ṣe rí fún ẹni tó ń kọ ìtàn tí ẹlòmíràn yóò yà, nítorí pé ohun tí irú ẹni bẹ́ẹ̀ ń wá yàtọ̀.

Òǹkàwé kì í rí ìwé tí a kọ fún ìtàn aláwòrán. Ayàwòrán ni a kọ ọ́ sí, ohun tí ó bá sì rú u lójú kò lè ṣe kedere sí ẹni tó ra ìwé náà. Iṣẹ́ sinimá ní ìlànà kan tí gbogbo ayé mọ̀ fún kíkọ ìwé eré, ṣùgbọ́n ìtàn aláwòrán kò ní irú rẹ̀. Àwọn kan, bí Stan Lee ti ṣe pẹ̀lú Jack Kirby ní ilé-iṣẹ́ Marvel ní àwọn ọdún 1960, a sọ kókó ìtàn fún ayàwòrán, kí ó yà á tán, kí òǹkọ̀wé tó wá fi ọ̀rọ̀ sí ẹnu àwọn ẹ̀dá ìtàn. Àwọn mìíràn a kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ ṣáájú, láti ojú ìwé dé ojú ìwé, láti àpótí kan (ìyẹn férémù tí a ya àwòrán kan sí) dé èkejì. Ọ̀nà kejì yìí ni àwa ń tọ̀, nítorí pé òru ni ayàwòrán wa ń ṣiṣẹ́, nígbà tí èmi ti sùn, ohun tó bá sì fẹ́ mọ̀ gbọ́dọ̀ ti wà nínú ìwé.

Ohun tó mú kí n gba ti Google Docs ju ohun èlò mìíràn lọ ni etí ìwé rẹ̀. Ayàwòrán lè yan gbólóhùn kan, kí ó kọ kọ́mẹ́ǹtì sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kí n fèsì níbẹ̀ gan-an, ọ̀rọ̀ náà yóò sì dúró ti àpótí tó kàn títí a ó fi yanjú rẹ̀. Gbólóhùn kan wà nínú ìtàn wa tó lọ báyìí: «Àkànní wọlé, ó dọ̀bálẹ̀ fún Baálẹ̀, ó dìde, ó sì jókòó sórí ẹní.» Nínú ìwé ìtàn àròsọ, ìlà kan péré nìyẹn, ṣùgbọ́n ohun mẹ́rin ni lójú ayàwòrán, àpótí kan kò sì lè gbà ju ohun kan ṣoṣo lọ. Ó béèrè ní etí ìwé pé èwo nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni kí òun yà. A jọ fọ̀rọ̀ wérọ̀ níbẹ̀ títí a fi fẹnu kò sí ìdọ̀bálẹ̀, pé kí ẹsẹ̀ Baálẹ̀ hàn gàdàgbà níwájú, kí Àkànní sì kéré lẹ́yìn. Àpótí tó tẹ̀ lé e ti bá a lórí ẹní. Òǹkàwé fúnra rẹ̀ ni yóò fi ọkàn parí ìyókù ní àlàfo tó wà láàárín àpótí méjèèjì, ibẹ̀ sì ni agbára ìtàn aláwòrán wà.

Bákan náà ni ọ̀rọ̀ fìlà. Bí mo bá kọ pé «ó dé abetí-ajá», ó tó fún ọmọ Yorùbá. Ẹni tí kò dàgbà sí àárín wa ní láti mọ̀ bí etí fìlà náà ṣe ń rí tí wọ́n bá dà á bo etí, àti bí ó ṣe ń rí tí wọ́n bá ká a sókè. Mo fi líǹkì fọ́tò sí abẹ́ kọ́mẹ́ǹtì ayàwòrán wa. Ó tún béèrè bóyá obìnrin tó ń gbé omi fún àlejò ń kúnlẹ̀ lórí orúnkún méjèèjì, àti bóyá ọwọ́ kan ni ó fi ń gbé e. Irú ìbéèrè wọ̀nyí kì í pẹ́ sọnù tí a bá bi í lórí WhatsApp, láàárín ohùn tí a gbà sílẹ̀ àti ìkíni àárọ̀. Nínú Google Docs, wọ́n wà níbi tí wọ́n ti wúlò, ẹni tó ń to ọ̀rọ̀ náà sì ń kà wọ́n.

Fún ètò ìwé, a ń lo Heading 1 (àkọlé ńlá) fún ojú ìwé kọ̀ọ̀kan, a sì ń lo Heading 2 (àkọlé kékeré) fún àpótí kọ̀ọ̀kan. Gbogbo ìtàn náà yóò wá tò sí apá òsì, ẹ ó sì rí i ní ìwò kan bóyá ojú ìwé kan ti ní àpótí mẹ́sàn-án nígbà tí ìkejì rẹ̀ ní méjì. Ìwé ìtàn aláwòrán Amẹ́ríkà tó ń jáde lóṣooṣù sábà máa ń jẹ́ ojú ìwé 20 sí 22, àpótí márùn-ún tàbí mẹ́fà sì ni ó wọ́pọ̀ lójú ìwé kan. Ohun tó ṣe pàtàkì jù níbẹ̀ ni ibi tí ìyàlẹ́nu yóò bọ́ sí. Nínú ìwé tí a tẹ̀ jáde, ojú ìwé tó ní nọ́ńbà bíi 8 àti 10 ni ó máa ń wà lápá òsì, òǹkàwé sì gbọ́dọ̀ ṣí ìwé kí ó tó rí i. Nítorí náà, bí ẹni tí a rò pé ó ti kú bá fẹ́ wọlé, ojú ìwé 8 ni kí ó ti wọlé, kì í ṣe 9, tí ojú ti rí kí a tó ka 8 tán. Fún ìtàn tí a ń fà sókè lórí fóònù, òfin yìí kò sí, ẹ sì lè lo ìwò aláìlójú-ìwé (pageless) tí Google fi kún un lọ́dún 2022.

Yorùbá ni àwọn ẹ̀dá ìtàn wa ń sọ, a kò sì lè fi àmì ohùn ṣeré. Google Docs ń gba ẹ, ọ àti ṣ, àti àmì ohùn orí lẹ́tà, dáadáa, pàápàá pẹ̀lú fọ́ǹtì Noto, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ìlà pupa ni yóò máa fà sábẹ́ ọ̀rọ̀ wa títí ẹ ó fi pa á. Ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra: ọ̀rọ̀ tó gún níbẹ̀ lè má gún nínú àwòrán. Nínú Unicode, ètò tó ń fún lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà lórí kọ̀ǹpútà, lẹ́tà «ẹ» ní nọ́ńbà tirẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀ tàbí ẹ́ kò ní. Ńṣe ni kọ̀ǹpútà ń so lẹ́tà àti àmì pọ̀. Bí fọ́ǹtì tí ẹ yàn kò bá ní lẹ́tà kan, kọ̀ǹpútà a yá a láti inú fọ́ǹtì mìíràn láìsọ fún yín. Ọ̀pọ̀ fọ́ǹtì tí wọ́n ṣe fún ìtàn aláwòrán kò sì ní àmì abẹ́ lẹ́tà rárá, tí ó fi jẹ́ pé nígbà tí ọ̀rọ̀ bá dé inú ohun èlò ìyàwòrán bíi Clip Studio Paint tàbí Illustrator, àmì a yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ tàbí kí àpótí òfìfo rọ́pò lẹ́tà. Ìdí nìyẹn tí a fi ń kọ ìwé ìdánwò kan ṣáájú, tí gbogbo fáwẹ́lì wa wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú gbogbo àmì, ní lẹ́tà ńlá àti kékeré, kí ẹni tó ń to ọ̀rọ̀ fi yan fọ́ǹtì.

Kò yẹ kí a fi Google Docs ṣe ibi ìpamọ́ àwòrán. Àwòrán kéékèèké fún ètò ojú ìwé kò burú, ṣùgbọ́n ojúlówó iṣẹ́ wúwo, GB 15 tí Google ń fúnni lọ́fẹ̀ẹ́ sì jẹ́ àpapọ̀ fún Gmail, fọ́tò àti Drive, ibi tí Google ń tọ́jú fáìlì sí. Kíkọ láìsí íntánẹ́ẹ̀tì ṣeé ṣe, bí ẹ bá ti tan án ṣáájú kí nẹ́tíwọ́ọ̀kì tó lọ. Lórí fóònù, ìwé kọ̀ọ̀kan ni ẹ ó yàn.

Àwọn ọ̀rẹ́ kan béèrè ìdí tí n kò fi lo Scrivener. Ohun èlò ìkọ̀wé tó dára gan-an ni, ó tilẹ̀ ní àwòṣe fún ìtàn aláwòrán tí Antony Johnston, òǹkọ̀wé ọmọ Gẹ̀ẹ́sì, ṣètò. Bí mo bá ń dá kọ ìtàn gígùn, òun ni ǹ bá yàn. Ṣùgbọ́n a kò ṣe é kí ènìyàn méjì máa kọ̀wé nínú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, kò sì sí ti Android, bẹ́ẹ̀ Android ni ayàwòrán wa ń lò.

Àdéhùn wa náà wà nínú fódà kan náà: ìpín olúkúlùkù, iye tí a ó san lórí ojú ìwé kan, àti ẹni tó ni àwọn ẹ̀dá ìtàn. Òfin ẹ̀tọ́ oníṣẹ́ ọnà ti Nàìjíríà, Copyright Act 2022, kò ka gbígbé ẹ̀tọ́ fún ẹlòmíràn sí bí kò bá sí ní kíkọ sílẹ̀. Ìwé tí a fọwọ́ sí ni kí ẹ fi pamọ́ síbẹ̀, kí ẹ má fi ìfohùnṣọ̀kan lórí fóònù rọ́pò rẹ̀.

Ohun kan ṣì kù tí mo ń retí. Ẹni tó ń to ọ̀rọ̀ kò nílò àlàyé àwòrán. Ọ̀rọ̀ ẹnu nìkan ni ó nílò, pẹ̀lú nọ́ńbà ojú ìwé àti ti àpótí. Ọwọ́ ni mo fi ń yọ ọ́ jáde báyìí. Apps Script, ohun èlò Google fún kíkọ àṣẹ kọ̀ǹpútà, tó wà lábẹ́ Extensions nínú Google Docs, lè ṣe é bí ẹni tó gbọ́ èdè kọ̀ǹpútà bá kọ ọ́, èmi yóò sì san owó fún un tayọ̀tayọ̀.