Àwo «Live» ti Tig Notaro: àwàdà láàárín oṣù mẹ́rin ìpọ́njú

Àwo yìí kò ju nǹkan bí ìṣẹ́jú 30 lọ. Ohùn nìkan ni, kò sí àwòrán. Tig Notaro, obìnrin aláwàdà ará Amẹ́ríkà, nìkan ló dúró lórí ìtàgé Largo ní Los Angeles, ní ọjọ́ 3 oṣù Kẹjọ ọdún 2012, ọjọ́ díẹ̀ péré lẹ́yìn tí dókítà sọ fún un pé ó ní jẹjẹrẹ ọyàn. Oṣù Kẹwàá ọdún yẹn ni àwo náà jáde sórí íntánẹ́ẹ̀tì ní dọ́là 5, wọ́n sì yàn án fún àmì-ẹ̀yẹ Grammy lẹ́yìn náà.

Bó ṣe to ọ̀rọ̀ ló gbé iṣẹ́ yìí ró. Ó kí èrò bí gbogbo aláwàdà ṣe ń kí wọn, ó bèèrè bóyá wọ́n ń gbádùn ara wọn, ó sì fi ohùn kan náà sọ pé òun ní jẹjẹrẹ. Kò gbé ohùn sókè, kò sì rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀. Ẹ ó gbọ́ tí àwọn kan bú sẹ́rìn-ín, tí àwọn kan mí kanlẹ̀, torí wọn ò mọ̀ bóyá àwàdà ni. Aláwàdà mìíràn ì bá ti sáré fi ẹ̀fẹ̀ kejì bo ibẹ̀ mọ́lẹ̀. Òun dúró. Aláìsàn fúnra rẹ̀ ló wá ń tu ará ìjókòó nínú pé kò séwu. Ó sì tún ní, àbí ewu lè wà o. Ibẹ̀ gan-an ni ẹ̀rín ti ń bú jáde.

Láàárín oṣù mẹ́rin, C. diff, kòkòrò àrùn tó ń ba ìfun jà, gbé e dé ilé ìwòsàn, ìyá rẹ̀ ṣubú, ó fi orí gbá nǹkan, ó sì kú, ìfẹ́ rẹ̀ tú ká, jẹjẹrẹ sì tẹ̀ lé e. Àwa Yorùbá ní bí ọ̀rọ̀ bá ju ẹkún lọ, ẹ̀rín là á fi í rín. Àmọ́ èwo nínú ọ̀rọ̀ náà là á rín? Kò fi ikú ìyá rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́ rárá. Ìwé tí ilé ìwòsàn fi ránṣẹ́ sí òkú, láti béèrè bí ìtọ́jú ṣe rí, ló ń pa wá lẹ́rìn-ín. Bẹ́ẹ̀ náà ni òṣìṣẹ́ àyẹ̀wò ọyàn tó ń yin ikùn rẹ̀ pé ó pẹlẹbẹ, tó ń bi í léèrè àṣírí rẹ̀. Ìrora wà níbi tó wà. Nǹkan kékeré tí kò bá a mu, tó jókòó tì í, ló ń fà jáde. Lójú tèmi, kò sí ẹ̀kọ́ tó ju èyí lọ nínú àwo náà.

Ó ní ibì kan tó ti fi Ọlọ́run ṣe ẹ̀fẹ̀, pé Ó ń bu ẹrù sí i fún un, tí ẹnu ń ya àwọn áńgẹ́lì. Ó lè má bá ẹlòmíràn lára mu. Ọ̀rọ̀ rírùn díẹ̀ wà níbẹ̀ pẹ̀lú, kì í ṣe ti ọmọdé.

Ẹ fi íapíìsì gbọ́ ọ, ẹ má gbọ́ ọ nínú ọkọ̀ tó ń pariwo. Ìdákẹ́jẹ́ ni ìdajì iṣẹ́ náà. Bí ariwo bá bò ó, ọ̀rọ̀ lásán ló kù. Ẹ má sì gé e sí wẹ́wẹ́. Nígbà tó béèrè bóyá kí òun padà sí àwọn ẹ̀fẹ̀ yẹpẹrẹ òun, tí ọkùnrin kan pariwo láti ìjókòó pé kó má ṣe bẹ́ẹ̀, ẹni tí kò gbọ́ ìbẹ̀rẹ̀ kò ní mọ ohun tó ń dà wọ́n láàmú. Ẹ̀fẹ̀ oyin tó fò kọjá mọ́tò rẹ̀ nínú sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ, tó fi kádìí rẹ̀, kò wúwo rárá bí ẹ bá gbọ́ òun nìkan. Lẹ́yìn gbogbo èyí tó ṣáájú, ó dùn gan-an.

Ohùn rẹ̀ falẹ̀. Ẹni tó fẹ́ràn aláwàdà tó ń sáré, tó ń jó, lè rò pé nǹkan kan ò ṣẹlẹ̀. Ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀ láìpẹ́, tàbí tí dókítà ṣẹ̀ṣẹ̀ fún nírú èsì yẹn, kó fi í sílẹ̀ ná, tàbí kó pe ẹnìkan jókòó tì í. Ẹni tó ń kọ́ṣẹ́ àwàdà ní tirẹ̀, kó gbọ́ ọ tán lẹ́ẹ̀kan, kó tún un gbọ́ pẹ̀lú bírò lọ́wọ́, kó máa sàmì sí gbogbo ibi tó ti dákẹ́ àti ohun tí èrò ṣe níbẹ̀.