Ìbọn atẹ́gùn tó ṣàdédé ń tàsé: àgbéyẹ̀wò awò tí wọ́n tà mọ́ ọn

Ìbọn náà dára, mo lè fọwọ́ sọ̀yà lórí rẹ̀. Awò tó bá a wá nínú páálí kan náà (èyí tí wọ́n ń dè sórí ìbọn láti fi fojú sun ohun tí wọ́n fẹ́ yìn) ni kò dára, ẹ má náwó lé e lórí.

Ìbọn onísípíríǹgì ni, èyí tí èèyàn ń ṣẹ́ ọ̀pá rẹ̀ wálẹ̀ kó tó ki ọta òjé sí i. Ọta 5.5 mm ló ń jẹ. Ọ̀kẹ́rẹ́ ló jẹ́ kí n rà á, nítorí oko kòkó wa lójú ọ̀nà Iléṣà sí Ìfẹ̀wàrà. Ọ̀kẹ́rẹ́ kì í jẹ kòkó tán. Á dá a lu, á lá omi dídùn inú rẹ̀, á fi ìyókù sílẹ̀ kó jẹrà sórí igi. (Ẹ gba ìwé àṣẹ o. Òfin ìbọn Nàìjíríà ka ìbọn atẹ́gùn mọ́ èyí tó gbọ́dọ̀ ní in, ẹ má gbọ́ tàwọn tó ń pè é ní ohun ìṣeré.)

Ibi tí mo bá wò ló ń bà tẹ́lẹ̀. Àfi bó ṣe di ọ̀sán ọjọ́ kan tó bẹ̀rẹ̀ sí í tàsé. Àwọn kan ní kí n gbé e fún alágbẹ̀dẹ kó tú u palẹ̀. Mi ò tú nǹkan kan. Mo gbé páálí síwájú òkìtì iyẹ̀pẹ̀, mo gbé ìbọn lé àpò iyanrìn, mo ń yìn ín. Ihò inú páálí ló máa ń sọ ibi tí àrùn wà. Bí wọ́n bá ṣù mọ́ra ṣùgbọ́n tí gbogbo wọn lọ sápá kan, ojú tí a fi ń wò ló yẹ̀. Bí wọ́n bá fọ́n ká bí àgbàdo tí wọ́n dà fún adìẹ, nǹkan kan ń mì.

Tèmi fọ́n ká. Ọta inú agolo àtijọ́ náà ni mo ń lò, nítorí náà kì í ṣe ọta. Mo fún síkúrù tó so igi ìbọn mọ́ irin. Ọ̀kan níwájú ti dẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ ìyàtọ̀ tó mú wá kò tó nǹkan. Mo fi tíṣù tẹ́ẹ́rẹ́ lé ibi tí ọ̀pá ti ń ṣẹ́, mo yìn ín, tíṣù ò mira: rọ́bà ibẹ̀ kò jò. Ni mo bá tú awò kúrò pátápátá, mo fi ojú irin tó wà lára ìbọn wò. Ihò tún ṣù mọ́ra!

Lórí irin tí awò jókòó lé, ọ̀dà dúdú ti bó, ibẹ̀ ń dán yọ̀ọ̀ níbi tí ẹsẹ̀ awò ti ń fà sẹ́yìn. Mo mi awò náà létí, nǹkan ń dún pẹ́kẹ́pẹ́kẹ́ nínú rẹ̀. Ẹ̀yìn ni ìbọn ẹ̀tù ń ta sí. Ti sípíríǹgì ń ta sẹ́yìn, bí písítìnì (irin tí sípíríǹgì ń tì nínú rẹ̀) bá sì ti dé òpin, á tún ta síwájú. Awò tí wọn ò ṣe fún ìtasíwájú yẹn kò lè pẹ́ lórí rẹ̀.

Èyí tí mo fi rọ́pò rẹ̀, wọ́n kọ ọ́ sára páálí pé fún ìbọn atẹ́gùn ni. Ẹsẹ̀ rẹ̀ gùn, ẹyọ kan ni, ó sì ní irin kékeré tó ń wọ ihò lórí ìbọn kó má bàa fà. Oníṣẹ́ kan nítòsí Ẹ̀rẹ́jà ní Iléṣà ló bá mi dè é. Kò fún síkúrù ẹgbẹ́ kan tán kó tó bọ́ sí èkejì, díẹ̀díẹ̀ ló ń pààrọ̀ wọn. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ má fún un jù o, awò lẹ máa fọ́.” Ìbọn náà ti ń bà padà. Awò tuntun yìí wúwo, ó sì ń ṣú díẹ̀ láàárọ̀ kùtù tí ọ̀kẹ́rẹ́ ń jáde, ìyẹn dùn mí.

Ẹni tó ta ti àkọ́kọ́ fún mi kọ̀ láti gba awò nìkan padà. Ṣùgbọ́n ó ní òun lè ta ìbọn láìsí awò. Bẹ́ ẹ bá fẹ́ rà á, ẹ ní kí wọ́n yọ owó awò kúrò.